Ìtàn Ilé Ìwé Girama Ìjọba Ní Ìbà: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ orí rédíò

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ fi ìwé àti bírò sí tòsí, torí iṣẹ́ wà fún yín kí ọ̀rọ̀ tòní tó parí.

Ilé ìwé girama ìjọba ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí, àgàgà irú èyí tó wà ní agbègbè Ìbà Housing Estate, Ọ̀jọ́ àti Òkokomáíkò. A óò wo bí wọ́n ṣe dé, a óò wo irú ayé tí wọ́n ń gbé nínú ọgbà wọn, a óò sì sọ ìdí tó fi yẹ kí àwa tá à ń gbé àyíká wọn kọ ìtàn wọn sílẹ̀, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.

Títì márosẹ̀ tó gba iwájú Ìyànà-Ìbà kọjá ló lọ sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé ìwé sílẹ̀ ní 1843, ilé ìwé tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Tá a bá wá kọrí sí Èkó, ní 1859 ni CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Thomas Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, ni ọ̀gá àgbà tó kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Methodist Boys' High School dé ní 1878, ti àwọn obìnrin tẹ̀lé e ní 1879, King's College sì dé ní 1909.

Ọmọ tó bá ń lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwé wọ̀nyí mọ ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ó mọ orin rẹ̀ lórí, ó sì mọ orúkọ àwọn èèkàn tó ti ibẹ̀ jáde. Àmọ́ ẹ lọ bá ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé girama ìjọba ní Ìbà tàbí ní Òkokomáíkò. Ẹ bi í pé ta ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọdún wo ni wọ́n kọ́kọ́ pe rẹ́jísítà, kí ló wà lórí ilẹ̀ yẹn kí ilé ìwé tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kàn máa wojú yín. Ẹ má bá ọmọ wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn náà wà, ó sì so mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpinnu tó lágbára jù lọ tí ìjọba Èkó ṣe rí.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, èyí tá a mọ̀ sí UPE. Ni ọmọ bá ya bo ilé ìwé. Ní Èkó, níbi tí èrò ti ń wọ̀ lójoojúmọ́ láti gbogbo ìpínlẹ̀, yàrá ìkàwé kò tó rárá. Wọ́n wá pín àwọn ọmọ sọ́nà méjì: àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ti ọ̀sán nígbà náà mọ bó ṣe rí. Oòrùn á ti mú ganrínganrín kí ẹ tó wọ kíláàsì, oorun á sì ti ń kun yín. Ilẹ̀ á ti máa ṣú kí ẹ tó délé. Òbí tó ti lọ síbi iṣẹ́ láti òwúrọ̀ kò sì mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà títí agogo méjìlá fi lù.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979, Alhaji Lateef Jákàńdè gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Inú ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ló wà, ẹgbẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe òpómúléró, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì wà lára wọn. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti oṣù Kìíní 1955. Jákàńdè kéde pé ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ l'Ékòó, ó sì ní òun máa fòpin sí pípín àwọn ọmọ sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Nígbà tó di 1980, ìjọba rẹ̀ kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá ìkàwé láàrin oṣù díẹ̀ péré, wọ́n sì dá àwọn ilé ìwé girama tuntun sílẹ̀ káàkiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé nínú àwọn ilé náà mọ̀ wọ́n dáadáa. Wọ́n gùn gbọọrọ, òrùlé wọn kò ga, ògiri wọn kò kan òkè, kò sì sí sílìn. Bí òjò bá ṣú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé, olùkọ́ á gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, á jókòó, torí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Àwọn kan fi àwọn ilé wọ̀nyí ṣẹ̀sín, wọ́n ní ilé adìyẹ ni. Jákàńdè ò torí ẹ̀sín dúró. Owó ò tó láti kọ́ ilé alájà fún gbogbo ọmọ. Tí wọ́n bá kọ́ ọ fún ìwọ̀nba, àwọn yòókù á ṣì máa dúró de ọ̀sán. Ìjọba náà yàn láti fi òrùlé bo orí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tèmi ni pé ìpinnu yẹn dára. Ọ̀pọ̀ olùkọ́, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, mẹkáníìkì àti oníṣòwò tó ti lé ní àádọ́ta ọdún l'Ékòó lónìí, inú ilé tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ni wọ́n ti mọ̀wé.

Àríyànjiyàn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ní oṣù Kẹta 1980, ìjọba kọ̀wé pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kógbá wọlé. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì l'Ékòó nígbà náà, Anthony Olúbùnmi Okogie, àti àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ sọ pé lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé ìwé sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwé ìjọba àti ti aládàáni fi jọ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn l'Ékòó títí dòní. Òbí tó lówó ní ibi tó lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Òbí tí kò ní, ilé ìwé ìjọba ni ìrètí rẹ̀. Tá a bá wá jẹ́ kí ilé ìwé ìjọba bàjẹ́, ọmọ ta ni ìyà náà máa jẹ? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìjọba tó kọ́ yàrá ìkàwé náà ló kọ́ ilé gbígbé. Ìbà Housing Estate wà lára àwọn ẹ́sítéètì tí wọ́n kọ́ láyé Jákàńdè fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, bíi ti Abẹ́sàn, Amùwó-Ọ̀dọ̀fin àti Ìṣọlọ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo ìhà yìí. Àwọn Àwórì ní Ìbà àti Ọ̀jọ́ ti ní ọba, ọjà àti ojúbọ wọn tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ẹ́sítéètì. Iléeṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì láti 1975. Bárékè àwọn ológun wà ní Ọ̀jọ́, ọjà Alábà sì ń gbòòrò sí i. Ní 1983, ìjọba dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ sí Ọ̀jọ́ kan náà.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú kíláàsì. Ọmọ Àwórì tí ilẹ̀ jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ọmọ Ògù láti ìhà Àgbádárìgì. Ọmọ sójà tó ti gbé Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì rí. Ọmọ Ìgbò tí bàbá rẹ̀ ń ta rédíò ní Alábà. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ akọ̀wé ní LASU, ọmọ ẹni tó ń dè nọ́ọ̀tì mọ́ ọkọ̀ ní Volkswagen. Àwọn òbí wọn ò mọra rí. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni wọ́n gbà tí wọ́n fi di aládùúgbò. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló kọ́kọ́ mọ orúkọ ara wọn, ìyá sì ti ara ọmọ mọ ìyá. Ìpàdé òbí àti olùkọ́, tá à ń pè ní PTA, wà lára ibi àkọ́kọ́ tí àwọn àjèjì ti jókòó pọ̀ láti pinnu nǹkan fún ire gbogbo wọn. Èrò mi rèé, ẹ̀yin olùgbọ́: ìjọba kọ́ ilé, ó pín in fún èèyàn, àmọ́ ilé ìwé ló sọ àwọn èèyàn yẹn di ará ìlú kan náà. Tá a bá sọ ìtàn ilé ìwé nù, ìtàn bí àwa fúnra wa ṣe di aládùúgbò la sọ nù.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ọgbà irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Agogo kọ́ ni wọ́n máa ń lù ní ọ̀pọ̀ wọn. Ríìmù táyà ọkọ̀ àtijọ́ kan ló wà lórí ẹ̀ka igi, irin tí wọ́n fi ń lù ú wà lọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo, ọmọ yẹn kì í sì í gbé irin náà fún ẹlòmíràn. Bó bá lù ú, ẹsẹ̀ á máa dún gìrì gìrì láti ẹnu géètì. Àwọn ọmọ á tò síwájú ọ̀pá àsíá, àwọn kékeré níwájú, àwọn ti SS 3 lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n á gbàdúrà, ti Krìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè àti orin Ìpínlẹ̀ Èkó. Olùkọ́ kan á máa yẹ èékánná àti kọ́là wò. Ọmọ tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò bá funfun á rọra fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn èkejì. Àwọn tó pẹ́ dé á ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá géètì, wọ́n á máa ka iye ìgbà tí wọn ò ní pẹ́ mọ́ láyé wọn.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wà, àdá àti ọkọ́ ni àwọn ọmọ máa ń gbé bọ̀ láti ilé. Pírífẹ́ẹ̀tì tó ń mójú tó iṣẹ́ á wọn ilẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ro koríko, wọ́n á gbá ilẹ̀. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, àwọn ìyá olóúnjẹ á ti pàtẹ: ìrẹsì àti ẹ̀wà, búrẹ́dì àti àkàrà, bọ́ǹsì, omi inú ọ̀rá. Ìyá olóúnjẹ tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ọmọ tí kò ní owó lónìí. Ó mọ èyí tó ń díbọ́n pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti jẹun àwìn lọ́wọ́ wọn parí ilé ìwé, tí wọ́n sì padà wá dúpẹ́ nígbà tí wọ́n rí iṣẹ́.

Ìgbà ìdíje eré ìdárayá láàrin àwọn ilé, tá à ń pè ní inter-house, ni gbogbo àdúgbò máa ń mọ̀ pé ilé ìwé wà nítòsí. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀: pupa, yẹ́lò, búlúù, aláwọ̀ ewé. Ìlù á máa dún láti ìta, àwọn ọmọ á máa yan bíi sójà, bàbá tí kò wá sípàdé PTA rí á dìde lórí àga rẹ̀ nítorí pé ọmọ rẹ̀ ló mú igi kẹrin nínú eré ìje. Nígbà tó bá sì di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ayẹyẹ àwọn ọmọdé, tó tún jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, àwọn tó mọ yíyan jù lọ á lọ ṣojú ilé ìwé.

Tí ilé ìwé bá parí lọ́sàn-án, ọgbà yẹn kì í sinmi. Àwọn ọ̀dọ́ á wá gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Àwọn kan á dúró fún lẹ́sìnnì nítorí WAEC. Lọ́jọ́ ìdìbò, ibẹ̀ la ti ń tò láti dìbò. Àwọn agùnbánirọ̀, tí ètò wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ti fi ìmọ̀ wọn ran irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU àti ti ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ ní Òtò-Ìjánikin náà máa ń wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Nínú ìtàn olùkọ́ púpọ̀, kíláàsì tí wọ́n ti kọ́kọ́ di ṣọ́ọ̀kì mú wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí.

Láti ìgbà tí Jákàńdè ti dá àwọn ilé ìwé tuntun wọ̀nyẹn sílẹ̀, ètò ẹ̀kọ́ náà ti yí padà. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ka kíláàsì kìíní dé ìkarùn-ún, wọ́n sì ṣe ìdánwò WAEC ti àtijọ́. Ní 1982 ni ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ ń lo ọdún mẹ́ta ní JSS, tó sì ń lo mẹ́ta ní SS. WAEC sì ṣe ìdánwò SSCE àkọ́kọ́ ní 1988. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ilé ìwé tó bá bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun náà ní 1982, àwọn ọmọ tó wọlé ní 1981 jáde ní 1986, àwọn tó wọlé ní 1982 sì jáde ní 1988. Ta ló wá jáde ní 1987? Kò sí. Irú nǹkan báyìí ni ọmọ tó ń ṣèwádìí máa bá pàdé nínú rẹ́jísítà. Tí kò bá mọ ìdí rẹ̀, á rò pé ìwé ló sọnù. Nígbà tó tún yá, ìjọba Èkó ya JSS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, ilé ìwé kan wá di méjì nínú ọgbà kan, ọ̀gá àgbà méjì, géètì kan.

Owó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò sọ pé àga ò ní fọ́, tàbí pé páànù ò ní jò. PTA ló máa ń dá owó ra bẹ́ǹṣì, òun ló máa ń gba ọdẹ tó ń ṣọ́ ọgbà lóru. Ní 2009, ètò kan tí wọ́n pè ní Eko Project bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tí Ìpínlẹ̀ Èkó yá ní Báńkì Àgbáyé. Ohun tó yàtọ̀ nínú rẹ̀ ni pé wọ́n fún àwọn ilé ìwé girama ìjọba lówó lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n fi ra ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó kù wọ́n kù, kí ìgbìmọ̀ tí òbí àti ará àdúgbò wà nínú rẹ̀ sì máa bójú tó o. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ẹni tó wà nítòsí ló mọ ibi tó ń jò.

Mi ò ní fi ìṣòro pamọ́. Kíláàsì ṣì ń kún àkúnya. Tójò bá pọ̀, omi máa ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ń wá ọmọ tí kò rí ibì kankan fi ṣe tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọmọ tó mọ̀ pé ilé ìwé òun ní ìtàn, tó mọ̀ pé ẹni ńlá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì òun rí, ti rí ohun tó lè fi ṣe tirẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe máa kọ ọ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bírò yín dà?

Àkọ́kọ́, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà yín, kí olùkọ́ kan bá yín yẹ àwọn ìwé àtijọ́ wò. Rẹ́jísítà ìgbàwọlé ló máa sọ ọjọ́ tí ọmọ àkọ́kọ́ wọlé, ọmọ ọdún mélòó ni, àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti wá. Ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀gá àgbà, lọ́ọ̀gù-búùkù, ló máa sọ ọjọ́ tí ìjì ká òrùlé, ọjọ́ tí olùkọ́ tuntun dé, ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù yín gba ife. Ìwé àlejò náà wúlò. Àdàkọ ni kí ẹ mú, ẹ fi fóònù yà á. Ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò ní ọ́fíìsì.

Èkejì, ẹ wá àwọn àgbà lọ. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ní 1980 ti lé ní ọdún 55 báyìí. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ wọn ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn sì ti lọ. Ẹ lọ bá ọdẹ àtijọ́, ìyá olóúnjẹ, àwọn tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé àkọ́kọ́ ní ẹ́sítéètì. Ẹ lọ sí ààfin pẹ̀lú, kí ẹ bèèrè ìtàn ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Àwórì tó ni ín. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ má fi ìbéèrè dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Kí ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ta ló lọ bẹ ìjọba pé kí ilé ìwé wá? Níbo ni àwọn ọmọ ti ń kàwé kí yàrá tó parí? Kí ni ẹ rántí nípa ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́? Ohun tí ẹnì kan bá sọ, ẹ bi ẹlòmíràn wò kí ẹ tó kọ ọ́ bí òtítọ́.

Ẹ̀kẹta wà fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tẹ́ ẹ wà lórí WhatsApp, nílé àti lókè òkun. Ẹ wá inú àpótí. Fọ́tò tí ẹ jọ yà lọ́jọ́ ìdágbére wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ kọ ọdún, ẹ fi àdàkọ ránṣẹ́ sí ilé ìwé. Kí ẹ tó dá owó kun ògiri, ẹ dá ti ìwé ìtàn yìí.

Tí ìwé náà bá parí, bó jẹ́ ojú ìwé ogún péré, ẹ fi ọ̀kan sí láíbìrì ilé ìwé, ọ̀kan sí ààfin, ọ̀kan sí láíbìrì LASU tó wà nítòsí wa. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ìyá olóúnjẹ lè rí ẹni kà á fún òun. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, kí ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ògù tó jọ jókòó síbẹ̀ lè rí orúkọ ara wọn nínú rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Àwọn ọmọ ló ní fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Àwọn àgbà ló ní ohùn tó yẹ kó gbà. Olórí ìgbìmọ̀ PTA tó bá ń gbọ́ mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tí ẹ máa jíròrò nípàdé sáà tó ń bọ̀. Ẹ yan olùkọ́ kan, òbí kan àti akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, ẹ dá ọjọ́ tí wọ́n máa jábọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí orúkọ ọmọ àkọ́kọ́ nínú rẹ́jísítà jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wá.